Aníwúrà Gba Ojú Omi Lọ Pàdé Ọmọ Rẹ̀ ní Ìkẹjà

Obìnrin kan wà ní Ìkọ̀yà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tí òun àti ọkọ̀ ilẹ̀ kò rẹ́ rí. Aníwúrà ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù mọ́tò, kì í sì í ṣe pé kò lajú. Inú rẹ̀ ni kò gbà á. Kí ó ṣáà ti jókòó sínú lọ́rì, kí dẹ́rẹ́bà ṣíná sí i, kí òórùn bẹntiróòlù gba imú rẹ̀, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì, itọ́ á kún un lẹ́nu. Kí wọ́n tó jìnnà sílé, gbogbo oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ á ti padà wá kí i. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń ná Òkìtìpupa mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Bí wọ́n bá rí i lẹ́bàá ọ̀nà tòun ti ẹrù lórí, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, wọ́n á sì tẹná mọ́ ọkọ̀ kó má baà yí ọkàn padà.

Ojú omi ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ni ó ti ń bá ìyá rẹ̀ kó garawa epo pupa sínú ọkọ̀ àjẹ̀ láti èbúté Òkìtìpupa lọ sí Àtìjẹ́rẹ́. Ìjì lè máa jà, kí ọkọ̀ máa fì sọ́tùn-ún fì sósì, kí àwọn ọkùnrin máa ké pe Ọlọ́run, Aníwúrà á jókòó sídìí garawa rẹ̀, á máa jẹ púpúrú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, epo yìí náà ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un. Agatha ni ọmọ náà ń jẹ́.

Ní ọdún 1964, Agatha rí ààyè láti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àpápá ló ti máa wọ ọkọ̀ òkun. Aníwúrà ní òun máa sin ọmọ òun débẹ̀, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ó gbààwẹ̀. Àwọn aládùúrà ẹgbẹ́ rẹ̀ gbàdúrà sínú omi fún un, ó mu ún. Lọ́rì gbéra, wọ́n ń kọrin. Kí wọ́n tó dé Ọ̀rẹ̀, ó ti bì títí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ òkun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà lọ́rì pẹ̀lú kò lè dúró. Agatha kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní, "Ìyá mi, mò ń lọ o." Aníwúrà fi agbára la ojú láti wò ó, àmọ́ gbogbo nǹkan ló ń yí. Igi ń yí, lọ́rì ń yí, ojú ọmọ rẹ̀ náà ń yí. Nígbà tí ayé yóò fi dúró fún un, eruku lọ́rì nìkan ló rí.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra. Ó ti rí ikú ọkọ, ó sì ti fara dà á, àmọ́ bí ó bá rántí ọjọ́ náà, ṣe ni ó máa ń fi etí gèlè nu ojú. A máa sọ fún Salome, opó bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ aládùúrà kan náà, pé, "Ọma mi lọ sí ìlú Òyìnbó, n kò sì rí ojú ẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tó ń lọ." Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé tún dé. Ta ló máa sọ fún ọmọ tó wà lókè òkun pé kó máa bọ̀ nílé lákòókò yẹn? Fọ́tò ni Agatha ń fi ránṣẹ́. Aníwúrà á gbé fọ́tò náà sún mọ́ fìtílà, á wò ó títí, á sì gbé e padà sínú àpótí.

Ogun parí. Nígbà tó di ọdún 1971, Agatha ránṣẹ́ pé ọsibítù ti fún òun ní ìsinmi, òun ń bọ̀ wá lò ó nílé. Ìsinmi náà kò gùn tó kí òun fi wọ ọkọ̀ òkun, nítorí náà ọkọ̀ òfurufú ló máa gbé òun wá, Ìkẹjà ló sì máa balẹ̀ sí. Ó dárúkọ ọjọ́.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí sí ilé Àkànmú. Àkànmú yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Aníwúrà tó kú, òun sì ni olórí ẹbí. Ó ga, ó sanra, ó fẹ́ràn agbádá, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀ kó tó dá a lóhùn.

"Lọ́rì ńlá la máa gbé," ló wí. "Gbogbo ẹbí ló ń lọ. Ẹgbẹ́ akọrin máa tẹ̀ lé wa. Orin la máa fi gbé ọmọ wa wọ̀lú!"

"Bàbá, èmi náà ń lọ," Aníwúrà wí.

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá Agatha, ṣé o tún fẹ́ lọ sùn sí abẹ́ igi Ọ̀rẹ̀ ni?" Àkànmú bi í.

"Kì í ṣe lọ́rì. Ojú omi ni mo máa gbà. Láǹṣì ń lọ láti Àtìjẹ́rẹ́ sí..."

"Ojú omi kẹ̀!" Àkànmú bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì bá a rín in. "Ìrìn ayé àtijọ́! Ọmọ ń gba ojú ọ̀run bọ̀, o wá fẹ́ fi àjẹ̀ lọ pàdé ẹ̀? Jókòó sílé, kí o ro púpúrú, kí o se ọbẹ̀ ẹja. Bí a bá gbé e dé, wàá rí i."

"Ẹ ṣeun, bàbá," Aníwúrà wí. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó lọ sílé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ìkọ̀yà mọ̀ pé bó bá ti sọ pé ẹ ṣeun báyẹn, kò tíì gbà.

Ilé Salome ló gbà lọ. "Ojú mi ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí," ló wí fún un. "N kò rí ojú ẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tó ń lọ. Ojú mi ló gbọ́dọ̀ rí bó bá dé."

Salome wò ó, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Èmi náà kò tíì rí ọkọ̀ òfurufú lórí ilẹ̀ rí," ló wí. "Ọjọ́ wo là ń lọ?"

Wọ́n gbéra kí lọ́rì ẹbí tó ronú àtigbéra. Ẹnì kankan kò dá wọn dúró, nítorí ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà. Ní èbúté Òkìtìpupa, wọ́n bá ọkọ̀ kan tó ń kó epo lọ. Benedict, ọkùnrin ẹ̀yà Ìjọ̀ kan tó ti ń fi ọkọ̀ gbé Aníwúrà láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ọ́, ló ni ọkọ̀ náà. Nígbà tó gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, ó gbé garawa méjì kúrò láàárín ọkọ̀, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni ìyá nọ́ọ̀sì máa jókòó. Wọ́n dé Àtìjẹ́rẹ́, wọ́n wọ láǹṣì, ọkọ̀ omi ńlá tó ń lọ sí Èkó. Èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ sójú ọ̀sà gbalasa, Salome ni èébì ń gbé. Ó gbé orí lé ẹrù, ó ní bí àwọn bá dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n sin òun síbẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé òun padà sílé. Aníwúrà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń jẹun, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ díẹ̀. Salome ti ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Ní Èbúté Ẹ̀rọ, àwọn onítakisí rọ̀gbà yí wọn ká. "Ìyá, Ìkẹjà? Ẹ wọlé!" Ọ̀kan ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Òórùn yẹn gba imú Aníwúrà, itọ́ sì kún un lẹ́nu kíá. Ó fà sẹ́yìn. Bó bá wọ èyí, a jẹ́ pé Agatha ló máa wá gbé òun nílẹ̀ ní Ìkẹjà, ojú ọmọ náà á sì tún máa yí. Ó bi àwọn ẹlẹ́ja tó wà níbẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà tó ń lọ sí Ìkẹjà. Wọ́n ní reluwé ń kọjá níbẹ̀, Ìdó ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì ru ẹrù wọn, wọ́n fẹsẹ̀ gba orí afárá ńlá kọjá sí Ìdó.

Reluwé ga, ó gùn, ó ń mí hẹ́ẹ̀ hẹ́ẹ̀. Ọkàn Aníwúrà kò balẹ̀ sí i rárá. Àmọ́ ó wọlé, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó di etí gèlè mọ́ ẹnu, ó ń ka Sáàmù sínú. Reluwé ṣí. Ó ń retí kí ìyọnu náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọjá Èbúté Mẹ́ta. Wọ́n kọjá Muṣin. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú. Ó rọra mú gèlè kúrò lẹ́nu.

"Salome! Ó jókòó jẹ́ẹ́!"

"Kí ló jókòó jẹ́ẹ́?"

"Inú mi!"

Gbogbo èrò yíjú wò wọ́n. Aníwúrà kò tiẹ̀ rí wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ọkọ̀ náà.

Láti ibùdókọ̀ Ìkẹjà, wọ́n béèrè ọ̀nà títí wọ́n fi dé ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ sí. Ní ẹ̀yìn igi kan níbẹ̀, wọ́n fi omi bọ́jú, wọ́n sì gbé ṣùtánà funfun ìjọ wọn wọ̀, nítorí Aníwúrà ní òun kò ní fi aṣọ ìrìnàjò pàdé ọmọ òun. Wọ́n dúró síbi irin ìdènà tí àwọn tó wá pàdé èrò ń dúró sí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lọ́rì ẹbí kò tíì dé.

Níbo ni lọ́rì wà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí ẹni tí kì í bá ṣe ará wa kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Àkànmú kò fẹ́ kí mọ̀lẹ́bí kankan sọ lẹ́yìn ọ̀la pé wọ́n ya òun sọ́tọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yà sí Igbódìgò lọ gbé àwọn àna. Wọ́n yà gbé ẹbí ìyá-ìyá Agatha. Wọ́n dúró ní Ọ̀rẹ̀ kí àbúrò kan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ẹbí kan tó fẹ́ ará ibẹ̀ ti se oúnjẹ dè wọ́n. Ta ló máa fo ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọjá lórí irú ọ̀nà báyìí? Wọ́n jẹun, wọ́n gbàdúrà, wọ́n tún kọrin. Lọ́rì kún débi pé àwọn akọrin kan gorí ẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń lọ gbé.

Ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ tariwo-tariwo. Salome dojú bolẹ̀, ó tún dìde. Àwọn èrò ń jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni obìnrin kan yọ, ó di áńkáṣíìfù mọ́ ẹnu, ó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Aníwúrà kò tíì rí ojú rẹ̀, ìrìn rẹ̀ ló rí. Ó mọ ìrìn náà dáadáa. Bí òun ṣe rìn gan-an nìyẹn kí wọ́n tó gbé òun sábẹ́ igi ní Ọ̀rẹ̀.

"Ọma mi! Agatha!"

Agatha gbójú sókè. "Ìyá mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ..." Kò parí ọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ kọdọrọ síbi irin náà. Aníwúrà ti débẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbá iwájú orí ọmọ rẹ̀ mú, ó fi èkejì pa á lẹ́yìn.

"Bì í, ọma mi. Bì í dànù. Èmi rèé."

Nígbà tó parí, Salome bu omi fún un, ó fi fọ ẹnu. Ìyá àtọmọ wá wo ojú ara wọn. Nǹkan kan kò yí. Ojú Agatha dúró sí àyè rẹ̀, pẹ̀lú ilà àárẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rín bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Aníwúrà bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Báwo lẹ ṣe débí, Ìyá mi? Mo ti ní ilé ni mo máa bá yín."

"Omi ni mo gbà. Ìwọ ńkọ́, ta ló ṣe ẹ́ báyìí?"

"Ọkọ̀ òfurufú yìí ni. Láti ìgbà tó ti gbéra ni mo ti ń bì. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, èmi kì í wọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Mi ò sọ fún yín kí ọkàn yín má baà dàrú."

"Ọkọ̀ òkun tó gbé ẹ lọ ńkọ́?"

"Gbogbo èrò ń bì. Èmi ń jẹun."

Aníwúrà rẹ́rìn-ín títí ọ̀já ìdí ṣùtánà rẹ̀ fi tú. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ó ti rò pé àbùkù kan ni òun ní tí ẹlòmíràn kò ní. Àṣé ó ti bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáyé.

Àwọn onítakisí ti dé. "Sìsítà, Èkó ni àbí Ìbàdàn? Mọ́tò mi kì í mi, orí tìmùtìmù lẹ máa jókòó sí!" Agatha wo mọ́tò náà, ó gbé itọ́ mì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n gbọ́ orin lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́rì ẹbí já wọlé tìlù-tìfọn, èéfín dúdú ń yọ lẹ́yìn ẹ̀. Àkànmú fò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Ó la ẹnu láti kí ọmọ káàbọ̀, ni ó bá rí Aníwúrà.

"Ta... ta ló gbé obìnrin yìí dé ibí?"

"Omi àti reluwé ni, bàbá," Salome wí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Àkànmú gbọn agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Ó dáa náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Agatha, ọmọ wa àtàtà, bọ́ síwájú." Àmọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́ta ló wà níwájú, ẹ̀yìn kò sì gba abẹ́rẹ́. Èéfín lọ́rì fẹ́ lu Agatha lójú. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ Ìkẹjà.

"Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀nà tí ìyá mi gbà wá ni mo fẹ́ gbà lọ."

"Omi? Àwọn èèyàn ti tò sétí títì láti Ọ̀rẹ̀ dé Òkìtìpupa! Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Ìyá Agatha ló dá a lóhùn, Àkànmú sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Bàbá, àpótí ẹrù Agatha wà níbí. Ẹ gbé e síwájú, kí ẹ kọrin fún un wọ̀lú. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ lẹ́yìn."

Àwọn akọrin tó wà lórí lọ́rì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àkànmú fẹ́ bínú, ẹ̀rín borí rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ariwo rẹ̀ ló pọ̀. Wọ́n gbé àpótí sórí ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà. Nígbà tí lọ́rì fẹ́ ṣí, Salome ti rọ́ ara rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. "Èmi ń bá àpótí lọ," ló wí. "Ẹ bá mi kí ọ̀sà!"

Ìyá àtọmọ wọ reluwé padà, wọ́n wọ láǹṣì. Bí atẹ́gùn ọ̀sà ṣe fẹ́ sí Agatha lára, àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ó ní ebi ń pa òun. Aníwúrà tú púpúrú àti ẹja gbígbẹ, ọmọ náà sì jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Àwọn èrò kan ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn méjèèjì jókòó tira, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ohun tí kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà, títí oorun fi gbé Agatha lọ sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ní Òkìtìpupa, wọ́n ti fi orin àti ijó pàdé àpótí. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní ẹni tó ni àpótí dà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ojú omi ló ń gbà bọ̀, gbogbo wọn kọrí sí èbúté. Benedict tó lọ pàdé wọn ní Àtìjẹ́rẹ́ ti so imọ̀ ọ̀pẹ tútù mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ó dúró lórí ẹsẹ̀, ó ń wa àjẹ̀ bí ẹni gbé ọba. Agatha jókòó síwájú, Aníwúrà jókòó tẹ̀ lé e nínú ṣùtánà funfun. Bí wọ́n ṣe yọ ní kọ̀rọ̀ omi, ariwo sọ. Àwọn aládùúrà ké Halelúyà, àwọn onílọ́rì fọn fèrè láti òkè. Àkànmú ká agbádá rẹ̀, ó wọ omi dé orúnkún, ó di iwájú ọkọ̀ mú. Aníwúrà ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí.

"Ìyá Agatha," ló wí, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ, "o ṣẹ́gun wa."

Nígbà tí ìsinmi ọmọ náà ń parí lọ, wọ́n tún pe ìpàdé sí ilé Àkànmú. Àkànmú wúkọ́, ó sì yíjú sí Aníwúrà. "Báwo la ṣe máa lọ?" ló bi í. Ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Lọ́rì gbé àpótí àti Salome. Àwọn yòókù tí ọkàn wọn gbà á bá Aníwúrà lọ lójú omi, Àkànmú náà wà lára wọn, ó sì bì ní Ẹ̀pẹ́.

Ní Ìkẹjà, Aníwúrà di èèpo ọsàn gbígbẹ mọ́ inú áńkáṣíìfù ọmọ rẹ̀ kó máa gbóòórùn rẹ̀ lójú ọ̀run. Wọ́n dìrọ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró síbi irin. Nígbà tí Agatha gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfurufú dé òkè, ó yíjú padà, ó sì juwọ́. Aníwúrà la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Igi kò yí, ilẹ̀ kò yí. Ó rí gèlè ọmọ rẹ̀, ó rí omijé rẹ̀, ó rí ẹ̀rín rẹ̀, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

"Mo rí i," ló wí fún Salome. "Mo rí ojú ẹ̀ dáadáa."